Cutlass, Matchet àti Àdá: Ẹ̀kọ́ lórí Orúkọ Irinṣẹ́ Kan



Nínú ìwé yìí, a máa ń bá yín sọ̀rọ̀ nípa ajílẹ̀, nípa oògùn apakòkòrò, àti nípa irúgbìn tí ó ń so dáadáa. Lónìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹ sì ń gbọ́ ọ ní ọjà lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni "cutlass". Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń rò pé ọ̀rọ̀ lásán kò lè gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí ó fetí sí ìtàn kékeré yìí.

Ní abúlé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dá owó jọ láti fi ra àdá kí àkókò ìṣánko tó wọlé. Wọ́n gba ìwé iye owó ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní ìgboro. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé náà. Ní ìlà kan, "cutlass" ni a kọ síbẹ̀. Ní ìlà tí ó tẹ̀ lé e, "matchet" ni, iye owó tirẹ̀ sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ̀wé díẹ̀, ka ìwé náà sí etígbọ̀ọ́ àwọn àgbà. Wọ́n gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wọ́n jù ni yóò lágbára jù. Wọ́n ra "cutlass" fún ilẹ̀ eléèsún, wọ́n sì ra "matchet" fún igbó kìjikìji.

Nígbà tí ẹrù dé tí a sì tú u, irin kan náà ni ó wà nínú àpótí méjèèjì. Gígùn wọn dọ́gba, ìwọ̀n wọn dọ́gba, èèkù wọn kò sì yàtọ̀. Bébà tí a lẹ̀ mọ́ wọn nìkan ni ó yàtọ̀ síra. Oníṣòwò náà kò parọ́ fún wọn. Ọwọ́ ènìyàn méjì ni òun náà ti rà wọ́n, orúkọ tí oníkálukú sì fi tà á fún un ni ó kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ẹgbẹ́ fi lé orí ti "matchet" ni owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún fáìlì tí wọn ìbá fi pọ́n àdá. Àdá tí kò mú ni púpọ̀ nínú wọn fi ṣánko ní ọdún náà, ojú ilẹ̀ tí wọ́n sì rí ṣán kí òjò tó dé kò tó bí wọ́n ti fẹ́.

Alágbẹ̀dẹ àgbà kan wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a tú ẹrù náà. Ó gbé àdá méjèèjì wò títí, ó wá sọ pé, "Orúkọ ni ẹ rà, ẹ kò ra irin." Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni ó mú mi kọ ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kà yìí.

KÍ NI "CUTLASS" TÚMỌ̀ SÍ?

Ní Nàìjíríà, ní Ghana, ní Trinidad àti ní Guyana, bí ẹnì kan bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó pe "cutlass", àdá ni ó ń sọ, èyí tí a fi ń ṣán igbó, tí a fi ń gé igi, tí a sì fi ń gé ìrèké. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè tí a tẹ̀ ní ìlú London, ohun tí yóò kọ́kọ́ kà níbẹ̀ yàtọ̀. Yóò kà á pé "cutlass" jẹ́ idà kúkúrú, tí ojú rẹ̀ fẹ̀, tí ó sì tẹ̀ díẹ̀, èyí tí àwọn atukọ̀ ń lò ní ayé àtijọ́. Ọmọ náà lè délé kí ó béèrè pé, "Bàbá, ṣé idà ni ẹ fi ń ṣánko ni?" Ẹ má ṣe bínú sí i, ẹ má sì sọ fún un pé irọ́ ni ìwé rẹ̀ ń pa. Ìtumọ̀ méjèèjì ni ó tọ́. Èyí tí ó wà nínú ìwé ni ti ojú òkun. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín ni ti oko.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti ojú òkun. Inú ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ há, okùn sì ta síhìn-ín sọ́hùn-ún níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mú idà gígùn wọ irú ibẹ̀ kò ní rí àyè fì í. Nítorí náà, idà tí ó kúrú, tí ó wúwo, tí ó sì lè gé okùn bí ó ti lè bá ọ̀tá jà, ni àwọn atukọ̀ yàn. Ní 1804, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àpẹẹrẹ kan lélẹ̀ fún irú idà yìí, kí gbogbo ọmọ ogun ojú omi wọn lè máa lo oríṣi kan náà. Ó wà lára ohun ìjà wọn títí di 1936. Lónìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi ayẹyẹ ni ẹ ó ti rí i.

Ẹ ó wá béèrè pé: báwo ni orúkọ idà atukọ̀ ṣe di orúkọ irinṣẹ́ àgbẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní àdá bí tiwa, nítorí pé kò sí igbó onítàkùn bí tiwa tí wọn yóò máa là. Dòjé ni wọ́n fi ń kórè ọkà. Irin gígùn kan tí ó tẹ̀ bí òṣùpá, tí a fi sí orí igi gígùn, ni wọ́n fi ń gé koríko. Ọ̀bẹ kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ẹnu àwòdì ni wọ́n fi ń gé ẹ̀ka igi ọgbà. Àwọn atukọ̀ àti àwọn oníṣòwò ilẹ̀ wọn tí ó rin ìrìn-àjò dé ilẹ̀ olóoru bá irin gbọọrọ, olójú fífẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ oko. Orúkọ tí ó sún mọ́ wọn lẹ́nu jù fún irú irin bẹ́ẹ̀ ni ti idà kúkúrú tí wọ́n ti mọ̀ nínú ọkọ̀ wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí rò pé òyìnbó ni ó mú àdá wá fún wa. Àwọn baba wa ti ń yọ́ irin, wọ́n sì ti ń rọ ọkọ́ àti àdá, tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa. Ní 1904, Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa iṣẹ́ irin yíyọ́ tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ní abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó jẹ́ àlejò. Irinṣẹ́ náà jẹ́ ọmọ onílẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé èdè tiwa kò da nǹkan wọ̀nyí pọ̀. Ọ̀bẹ ni ti ilé ìdáná, àdá ni ti oko, idà ni ti ogun. Àwọn Haúsá náà ní orúkọ fún àdá, "adda" ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ àwọn Ígbò, ọ̀rọ̀ kan náà, "mma", ni a lè fi pe ọ̀bẹ, tí a sì lè fi pe àdá, ọ̀rọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn. Èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀nà tí ó gbà ń pín ohun èlò rẹ̀.

ÌRÌN-ÀJÒ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Inú èdè Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, "culter", tí ó túmọ̀ sí ọ̀bẹ. Wọ́n tún ń fi ọ̀rọ̀ yìí kan náà pe irin mímú tí ó wà níwájú ohun ìtúlẹ̀, èyí tí ó ń la ilẹ̀ kí apá tí ó tẹ̀ lé e tó yí i padà. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ọ̀bẹ náà kéré, wọn a pè é ní "cultellus", èyí ni ọ̀bẹ kékeré.

Ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí ẹnu àwọn Faransé, ó sì di "coutel", tí í ṣe ọ̀bẹ lásán. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi àfikún kan sí ìdí rẹ̀ tí ó ń sọ nǹkan di ńlá, ó wá di "coutelas", ọ̀bẹ ńlá. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ kan náà ti rìn: àwọn ará Róòmù sọ ọ́ di kékeré, àwọn Faransé sì tún sọ ọ́ di ńlá. Ohun kan náà ni àwọn tí ń sọ èdè Potogí ní Brazil ṣe. "Faca" ni ọ̀bẹ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń pe àdá ní "facão", èyí tí ó túmọ̀ sí ọ̀bẹ ńlá.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá ọ̀rọ̀ Faransé náà. Kò yé etí wọn dáadáa, nítorí náà ni oníkálukú ṣe ń pè é bí ó ti wù ú. Àwọn kan rò pé àáké, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "axe", wà ní ìdí rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di "curtle-axe". Bẹ́ẹ̀ ni Shakespeare, olùkọ̀wé ńlá nì, ṣe pè é nínú eré rẹ̀ tí ń jẹ́ As You Like It, tí ó kọ ní nǹkan bí 1599. Síbẹ̀, kò sí àáké kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni ó bí "pickaxe", orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún irinṣẹ́ onímú ṣóńṣó tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ líle. Láti inú ọ̀rọ̀ Faransé, "picois", ni wọ́n ti yá a, kò sì ní àáké nínú. Etí àwọn tí ó yá a ni ó fi àáké sí i. Àṣìgbọ́ ti "curtle-axe" ti kú. Ti "pickaxe" sì wà títí di òní. Kí a má sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ń yí ọ̀rọ̀ àlejò padà. Àwa náà ti sọ "paper" di bébà, a sì ti sọ "shovel" di ṣọ́bìrì. Ẹni tí ó bá yá ọ̀rọ̀ lò ni ó ń rán an bí ẹ̀wù sí ìwọ̀n ara rẹ̀.

ÌBÁTAN ÀTI ẸNI TÍ Ó JỌ ÌBÁTAN

Ọ̀rọ̀ ní ẹbí gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ní. Ẹ jẹ́ kí a mọ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ ọmọ ìyá "cutlass".

Èkíní ni "coulter". Ẹ̀yin tí ẹ ń gba katakata láti fi túlẹ̀ lè gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ tàbí ẹni tí ń tún un ṣe. Òun ni ọ̀bẹ tàbí irin róbótó tí ó wà níwájú ohun ìtúlẹ̀, tí ó ń gé ilẹ̀ àti gbòǹgbò koríko kí irin tí ń yí ilẹ̀ padà tó dé ibẹ̀. Láti inú "culter" àwọn ará Róòmù gan-an ni ó ti wá. Bí irin yìí bá kú tí a kò sì pọ́n ọn, koríko yóò máa wé mọ́ ohun ìtúlẹ̀.

Èkejì ni "cutler", tí í ṣe ẹni tí ń ṣe ọ̀bẹ tàbí tí ń tà á, àti "cutlery", tí í ṣe ọ̀bẹ àti ṣíbí tí a fi ń jẹun. Inú "cultellus", ọ̀bẹ kékeré nì, ni àwọn méjèèjì ti jáde.

Ẹ wá wo àwọn tí ó jọ ìbátan ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe ìbátan. Ọ̀rọ̀ náà "cut", tí ó túmọ̀ sí kí a gé nǹkan, kọ́ ni ó bí "cutlass", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àdá ń gé nǹkan. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé "cut" ni ó ń dún ní etí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Cutlet", ègé ẹran, kì í ṣe ẹbí rẹ̀ rárá. Inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí egungun ìhà ni ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni "cultivate" àti "agriculture", iṣẹ́ àgbẹ̀ tiwa gan-an. Wọ́n jọ "culter" lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Látìn mìíràn ni ó bí wọn, "colere", tí ó túmọ̀ sí kí a ro ilẹ̀ àti kí a tọ́jú nǹkan.

Èyí kò gbọdọ̀ ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbà. Ẹ wo oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Àjèjì tí kò gbọ́ ohùn lè rò pé ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Àwa tí a ni èdè mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí a ń dáko sí, ọ̀tọ̀ ni baálé obìnrin, ọ̀tọ̀ ni irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ebè, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a wọ̀ lọ sí ìrìn-àjò, ọ̀tọ̀ sì ni ohun ìjà ọdẹ. Ìrísí nìkan kò tó láti fi mọ ìbátan.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wòlíì Àìsáyà nípa ọjọ́ tí a ó fi idà rọ irinṣẹ́ oko. Bí ẹ bá wo ẹbí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó rí i pé inú ilé kan náà ni idà atukọ̀ àti ọ̀bẹ ohun ìtúlẹ̀ ti jáde. Àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ni ó sì dá orúkọ idà náà padà sí oko.

"MATCHET" Ń KỌ́?

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó wà nínú ìwé iye owó ọjà nì kò bá "cutlass" tan. Ilẹ̀ Sípéènì ni ó ti wá. "Machete" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àwọn onímọ̀ sì sábà máa ń tọ́ka sí "macho", ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe òòlù ńlá, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. "Matchet" tí a ń kọ ní Nàìjíríà àti "machete" jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà tí a kọ ní ọ̀nà méjì. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú "match", tí í ṣe ìṣáná.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ fi èyí sọ́kàn: "cutlass", "matchet" àti "machete" lè jẹ́ irinṣẹ́ kan ṣoṣo ní ọjà wa. Ọ̀kan gba ojú òkun àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá, èkejì gba ọ̀nà Sípéènì wá, àwọn méjèèjì sì pàdé ní orí àdá.

Ìtàn irin yìí kan àwọn ènìyàn tiwa tí a kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun pẹ̀lú. Ní Kúbà, "machete" ni àwọn ẹrú fi ń gé ìrèké. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Lucumí níbẹ̀, wà lára wọn, àwọn ọmọ wọn sì ń fi àdá ṣe àmì Ògún níbẹ̀ títí di òní. Ní ọjọ́ 10 oṣù October 1868, Carlos Manuel de Céspedes dá àwọn ẹrú oko ìrèké rẹ̀ sílẹ̀, ogun òmìnira sì bẹ̀rẹ̀. Ìbọn kò tó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ní ọdún náà, Máximo Gómez kó àwọn tí ó mú àdá oko lọ́wọ́ ṣígun lu àwọn ọmọ ogun Sípéènì. Ní ibẹ̀, irinṣẹ́ oko di ohun ìjà. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ ohun ìjà di ti irinṣẹ́ oko.

Àwọn oníṣòwò náà ti bí orúkọ tiwọn kún un. Ilé iṣẹ́ Collins, tí a dá sílẹ̀ ní 1826 ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ta àdá púpọ̀ sí àwọn ilẹ̀ tí ń sọ èdè Sípéènì, débi pé ní àwọn ibì kan, orúkọ ilé iṣẹ́ náà di orúkọ àdá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ Ralph Martindale, tí a dá sílẹ̀ ní 1874, ṣe àdá tí a ya àwòrán ọ̀nì sí lára, ó sì tà á káàkiri Áfíríkà. Orúkọ lára irin lè sọ ibi tí a ti rọ ọ́. Kò lè sọ bóyá ó bá iṣẹ́ yín mu.

NÍGBÀ TÍ ORÚKỌ BÁ DI ÌṢE

Lẹ́nu àwọn tí ń ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ oko, orúkọ yìí ti di ọ̀rọ̀ ìṣe. Nínú ìwé ìmọ̀ràn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè bá "cutlassing" pàdé, tàbí "slashing". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a fi àdá ṣán koríko mọ́lẹ̀, kí gbòǹgbò rẹ̀ sì wà nínú ilẹ̀. Ó yàtọ̀ sí "hoeing", tí í ṣe kí a fi ọkọ́ ro oko.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ yìí gidigidi, pàápàá ẹ̀yin olóko kòkó. Púpọ̀ nínú gbòǹgbò tí kòkó fi ń fa oúnjẹ wà nítòsí ojú ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ka "cutlassing" tí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí ríro, tí ó gbé ọkọ́ tí ó sì ro ìdí kòkó jinlẹ̀, yóò gé gbòǹgbò wọ̀nyí, igi rẹ̀ yóò sì máa joro láìmọ ìdí. Ṣíṣán ni ó yẹ kí a ṣán in. Koríko tí ó bá sún mọ́ ìdí igi gan-an, ọwọ́ ni kí a fi fà á tu, kí àdá má baà ṣá èèpo igi kí àrùn sì gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Bí ó bá sì di ìgbà tí a ń fọ́ kòkó, ẹ fi àdá sílẹ̀ kí ẹ mú kùmọ̀ igi, nítorí pé àdá a máa gé hóró kòkó, hóró tí a gé a sì máa hu èbu.

BÍ A TI Ń BÉÈRÈ ÀDÁ

Kí ohun tí ó ṣe ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nì má baà ṣe yín, ẹ má ṣe fi orúkọ nìkan ra irinṣẹ́. Bí ẹ bá ń kọ ìwé sí oníṣòwò, ẹ kọ ohun mẹ́rin wọ̀nyí sí i:

1. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi í ṣe. Àdá tí ó fẹ́lẹ́ tí ó sì gùn dára fún koríko àti igbó kékeré. Àdá tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn tí orí rẹ̀ sì wúwo dára fún igi àti igbó ńlá.

2. Gígùn irin rẹ̀ ní ínṣì tàbí sẹ̀ǹtímítà, láti ìdí èèkù dé ṣóńṣó, kì í ṣe gígùn rẹ̀ pẹ̀lú èèkù.

3. Ìwọ̀n rẹ̀. Àdá tí ó wúwo jù yóò dá apá ní ọ̀sán. Èyí tí ó fúyẹ́ jù yóò máa ta padà lára igi.

4. Èèkù rẹ̀. Kí ìrù irin gba inú èèkù já dé ìdí, kí a sì fi ìṣó kàn án pinpin. Èèkù tí ó bá mì ń wá ẹni tí yóò ṣe léṣe.

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ tẹ irin náà díẹ̀ kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Irin tí ó dára yóò padà sí títọ́. Èyí tí ó bá dúró ní títẹ̀ ti rọ̀ jù. Bí oníṣòwò bá gbà fún yín, ẹ fi fáìlì kàn án lójú. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ tí kò jẹ ẹ́ rárá, irin náà le jù, ó lè fọ́ lójú. Bí ó bá sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò ní pẹ́ kú. Bí ìlà méjì bá wà nínú ìwé iye owó ọjà, tí orúkọ wọn yàtọ̀ tí owó wọn sì yàtọ̀, ẹ béèrè pé kí a gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wá kí ẹ fi ojú rí wọn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ìbéèrè kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣìnà.

ÀKÓTÁN

A ti rí i pé "cutlass" bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀bẹ, ó di idà, ó sì wá di àdá. A ti rí i pé "matchet" gba ọ̀nà mìíràn wá sí ibi kan náà. Kò sí ohun ìtìjú nínú kí a má mọ ọ̀rọ̀ àjèjì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ nì kò ṣẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ kọ́ àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ yín àti àwọn ọmọ yín tí ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bí ọmọ bá sì tún béèrè bóyá idà ni Bàbá fi ń ṣánko, ẹ jókòó tì í kí ẹ sọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

ÌDÁNRAWÒ FÚN ẸGBẸ́ ÀGBẸ̀ ÀTI KÍLÁÀSÌ ÀGBÀ

1. Kí ni "cultellus" túmọ̀ sí ní èdè Látìn, kí sì ni àwọn Faransé sọ ọ́ dà?

2. Èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó bá "cutlass" tan: "cut", "coulter", "cutlet", "cutlery", "cultivate"?

3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín "cutlassing" àti "hoeing", èwo sì ni ó yẹ ní ìdí kòkó?

4. Ẹ ka orúkọ tí ó wà lára àdá tí ẹ ní nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gígùn irin rẹ̀, kí ẹ sì yẹ èèkù rẹ̀ wò. Èwo nínú ohun tí ẹ rí ni ó sọ bí yóò ti ṣiṣẹ́ fún yín?

5. Kí ni alágbẹ̀dẹ nì ní lọ́kàn nígbà tí ó sọ pé, "Orúkọ ni ẹ rà, ẹ kò ra irin"?